Mo ń ṣe áàpù ààbò fún àwọn èèyàn wa tó ń lọ sókè òkun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

koodu_ibadan:
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ dísáìnì la jọ ń ṣe áàpù kan lọ́wọ́ báyìí, torí àwọn èèyàn wa tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè ni, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n lọ ṣe, ì báà jẹ́ ìwé ni wọ́n lọ kà, ọjà ni o, Hajj ni o, kí nǹkan kan má ṣe wọ́n níbẹ̀. Bá a ṣe rò ó ni pé bọ́tìnnì pupa ńlá kan á wà lójú áàpù náà, tí wàhálà bá ti dé kéèyàn ṣáà tẹ̀ ẹ́, fóònù á fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta nílé lọ́gán, á pe ọlọ́pàá ìlú tó bá wà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn gbogbo ohun tó ń lọ sílẹ̀ kó lè di ẹ̀rí tó bá yá. A ti ya gbogbo ojú ẹ̀ tán, ó dùn ún wò gan-an ni, mi ò purọ́ fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ, tàbí ọmọ yín, tàbí àbúrò yín, kí lẹ máa fẹ́ kó wà nínú ẹ̀? Ṣé bọ́tìnnì yẹn tó? Ṣé ti Android ni ká kọ́kọ́ ṣe àbí ti iPhone? Ṣé kó máa sọ Yorùbá ni àbí òyìnbó? Ẹ má wojú mi o, ẹ sọ ọ́ bó bá ṣe rí, kò tíì sówó ẹnì kankan nínú ẹ̀ ju tèmi àti tọ̀rẹ́ mi lọ.

oro_sunukun:
Mi ò fẹ́ já yín kulẹ̀ o, àmọ́ ṣebí WhatsApp ti ń ṣe èyí. O lè jẹ́ kí ẹnì kan máa rí ibi tó o wà fún ìṣẹ́jú 15, tàbí wákàtí 1, tàbí wákàtí 8. Google Maps náà ń ṣe é, ìyẹn ò tiẹ̀ ní dáwọ́ dúró àfi tó o bá pa á. iPhone ní Check In látọdún 2023, ìyẹn máa ń sọ fún ẹni tó o bá yàn tó o bá ti dé ibi tó ò ń lọ tàbí tó o bá pẹ́ jù lọ́nà. Android tó jẹ́ ti ìsinsìnyí, tó o bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń tan fóònù lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, ó máa pe nọ́ńbà pàjáwìrì fún ẹ tó o bá ti sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀. Kí wá ni tiyín fẹ́ ṣe tí àwọn yìí ò ṣe? Fóònù ìyá mi báyìí, àtàárọ̀ ló ti ń kọ pé àyè ò sí mọ́, fídíò "ẹ kú ojúmọ́" àti ti àdúrà ló kún inú ẹ̀ bámúbámú, ta ló máa wá yọ ìyẹn kó tó fi tiyín sí i?

koodu_ibadan:
Ìbéèrè gidi nìyẹn, bọ̀dá mi. Ohun tí mo rò ni pé tiwa á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín, mi ò tíì ní èsì tó múná dóko.

adunni_ogbomoso:
Ẹ jẹ́ n dá sí i. Mo ṣe iṣẹ́ ilé ní Muscat, ní Oman, mo ti padà wálé, aṣọ ni mò ń tà báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bọ́tìnnì pupa tẹ́ ẹ wí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni fóònù máa wà? Ọjọ́ tí mo débẹ̀ gan-an ni madam ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gba pásípọ́ọ̀tù mọ́ ọn, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ó ti kọ́kọ́rọ́ pa, ó ní alẹ́ Jímọ̀ Jímọ̀ lòun á máa fún mi ní fóònù kí n fi kí àwọn ará ilé, tó bá sì fún mi báyìí ó máa jókòó tì mí ni títí mo fi máa sọ̀rọ̀ tán, tí ojú mi bá ti ń pọ́n díẹ̀ báyìí á na ọwọ́ á gbà á. Ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ò ní bọ́tìnnì kankan tó fẹ́ tẹ̀.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan o, ẹ bi àwọn tó lọ Lebanon, ẹ bi àwọn tó lọ Kuwait. Ọ̀gá tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ló ni físà tó o bá wọ̀lú, kafala ni wọ́n ń pè é, o ò lè sọ pé iṣẹ́ ibí yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn kó o wá kẹ́rù lọ síbòmíì, tó o bá gba ẹnu ọ̀nà jáde láìgbàṣẹ wọ́n á lọ wí fún ọlọ́pàá pé o ti sá, ìwọ tí wọ́n ń fìyà jẹ lo máa wá di arúfin. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ yọ ọlọ́pàá tẹ́ ẹ ní fóònù á máa pè fúnra ẹ̀ yẹn kúrò. Kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín léèrè. Ọlọ́pàá lè gba ẹnì kan là níbì kan, ó sì lè jẹ́ pé òun ló máa fi ẹlòmíì sí àtìmọ́lé tí wọ́n á fi dá a padà sílé láìgba owó oṣù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ràn mí lọ́wọ́. Kí n tó lọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti jọ sọ ọ́ pé tí mo bá ní kí wọ́n bá mi kí Bọ̀dá Làmídì, kó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Làmídì ní gbogbo agboolé wa. Ó dáa, mo kí Bọ̀dá Làmídì. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó yé e yékéyéké, àmọ́ ibo ló fẹ́ ní mo wà? Ejẹ́ǹtì tó mú mi lọ ò gbé fóònù mọ́, ìwé àdéhùn tí wọ́n ki bọ̀ mí lọ́wọ́ ní eápọ́ọ̀tù, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ ọ̀gá mi tí mo mọ̀ ò ju "madam" lọ. Èmi ni mo máa ń gbé ìdọ̀tí jáde láàárọ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí irin pẹlẹbẹ kékeré kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, nọ́ńbà ilé ló wà níbẹ̀, tó o bá wá wo orí kọ́nà, nọ́ńbà òpópónà náà wà níbẹ̀, "Way" ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú ẹ̀ ní Muscat. Mo há méjèèjì sórí, mo há orúkọ mọ́sálásí tó wà nítòsí mọ́ ọn. Nígbà tó di Jímọ̀ mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu, nọ́ńbà Yorùbá ni mo fi kà á o, òjìlélẹ́gbẹ̀ta ó lé báyìí báyìí, torí madam gbọ́ òyìnbó díẹ̀, tí mo bá ní "siks" tàbí "fọ́ọ̀" ó máa fura. Ó jókòó síbẹ̀ ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi rí mú lọ bá àwọn tó yẹ kó lọ bá nìyẹn, kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi.

Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí, ti ẹni tó dúró sílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹni tó ń lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀ kó tó kúrò nílé, kí wọ́n jọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, físà, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé àdéhùn (kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá kà á, àwọn ààfáà pọ̀ ní àdúgbò), fọ́tò ejẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ àti ilé tó ń gbé, kí wọ́n sì jọ yan orúkọ Làmídì tiwọn. Kí gbogbo ẹ̀ wà lórí fóònù ẹni tó wà nílé. Tí ẹni náà bá wá débẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí áàpù máa bi í ni "kí ló wà lára géètì ilé tó o wà?", kó tó di pé wọ́n gba fóònù.

Àwọn NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ní nọ́ńbà kan, 627, ẹ fi síbẹ̀ fún àwọn ará ilé, Náíjíríà ni wọ́n ti ń pè é.

oro_sunukun:
Àǹtí, ẹ kú ewu. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. WhatsApp ò lè ṣe eléyìí.

baba_android:
Ẹ kú ewu o, Àǹtí Àdùnní. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ló yẹ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti inú ẹ̀rọ fún koodu torí ibẹ̀ ló ti máa sunkún.

Android ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn ò gba àríyànjiyàn, ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń tò sórí ìlà físà, Tecno, Infinix, itel. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, àwọn fóònù yẹn burú sí áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kí bátìrì má bàa tètè tán, wọ́n máa ń pa áàpù tó o ò bá ṣí sílẹ̀, kò ní sọ fún ẹ, ìwọ á máa rò pé ó ń ṣọ́ ẹ, ó ti kú látàná. Google fúnra wọn tún dí i mọ́ ọn: láti Android 10, ìyẹn 2019, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ pé kí áàpù mọ ibi tó o wà nígbà tó o ṣí i, ọ̀tọ̀ ni ti ìgbà tó o pa á, nígbà tó wá di Android 11 o ní láti wọ sẹ́tíǹsì lọ fọwọ́ ara ẹ yàn án, áàpù ò lè gbé e síwájú ẹ kó o ṣáà tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Tó o bá sì fẹ́ gbé e sórí Play Store wọ́n á ní kó o kọ àlàyé kó o tún ya fídíò ibi tó ti wúlò. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí iṣẹ́ wọn há síbẹ̀.

Torí náà ẹ má kọ́ ilé yín lé fóònù tó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ ṣe aago. Kí aago náà wà lórí server yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà yín tó ń ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹni tó ń lọ á sọ pé "màá fún yín lésì ní alẹ́ Jímọ̀ ní aago mẹ́sàn-án", tí aago mẹ́sàn-án bá lu tí kò dáhùn, server á kọ́kọ́ rán òun létí, tó bá tún dákẹ́ fún ìdajì wákàtí, server á kọ ọ̀rọ̀ sí ẹni tó wà nílé. Fóònù lè kú, ó lè bọ́ sómi, madam lè kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù, dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn náà ló máa pe àwọn ará ilé. Ẹ tọ́jú àkókò sí UTC o, ìyẹn àkókò kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń ṣírò tiwọn, Oman fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú wa, London bá wa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ṣùgbọ́n ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, tẹ́ ẹ bá ṣe é bí mo ṣe rí i nínú áàpù kan báyìí, ìyá ọlọ́mọ ló máa máa jí lóru lásán.

Ti SMS. Àwọn ará ilé míì ò kì í ní dátà, SMS ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyẹn dáa. Àmọ́ nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: SMS kan gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà òyìnbó lásán ni, bó o bá ti fi ẹ, ọ, tàbí ṣ kan ṣoṣo sínú ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló máa yí padà sí oríṣi kejì tí kò gbà ju 70 lọ, á wá pín sí méjì tàbí mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa gbowó ẹ̀, òmíì lè má tètè dé. Èmi ni mo fẹ́ràn àmì orí ọ̀rọ̀ jù níbí yìí, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n SMS pàjáwìrì yẹn, ẹ kọ ọ́ láìlámì. "Adunni ko dahun lati ago 9. Ibi to wa kehin ni:" lẹ́yìn náà nọ́ńbà GPS. Tẹ́ ẹ bá lo nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn àmì ìdá, ó ti mú ibi téèyàn wà dé bíi mítà kan, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa kọ mẹ́jọ. GPS sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà o, àwọn èèyàn máa ń pa á pọ̀, kí fóònù MỌ ibi tó wà ò gba dátà, kó SỌ ọ́ fún ẹlòmíì ló gba dátà tàbí SMS.

Kí fóònù arìnrìn-àjò fúnra ẹ̀ máa rán SMS, iPhone ò ní gbà fún yín rárá, ó di dandan kí ẹni tó ni ín tẹ "send" fúnra ẹ̀. Android lè ṣe é, ṣùgbọ́n látọdún 2019 ni Play Store ti ń béèrè ìdí kí wọ́n tó gbà fún yín.

Nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú áàpù kó má nílò dátà. 112 ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè European Union, ó ń ṣiṣẹ́ nílé níbí náà, UK ní 999 (112 náà ń wọlé), Amẹ́ríkà 911, Oman 9999, Dùbáì 999 fún ọlọ́pàá 998 fún áńbúláǹsì, Brazil 190 fún ọlọ́pàá 192 fún ìlera, South Africa 10111. Ti ẹ́ḿbásì ni kẹ́ ẹ má kàn kó láti orí Google o, ẹ pè é fúnra yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa pè é látìgbà dé ìgbà, nọ́ńbà tí ò wọlé mọ́ nínú áàpù ààbò burú ju kó má sí nọ́ńbà lọ.

Ẹ rántí pé Dùbáì ò gba ìpè WhatsApp láyè. Ọ̀rọ̀ kíkọ àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ máa ń lọ, ìpè ni kò ní lọ. Tẹ́ ẹ bá wá fi bọ́tìnnì "pe ilé" sórí ìpè WhatsApp, ẹ ti mọ ibi tó máa já sí.

noosi_leeds:
Ẹ kú ìkàlẹ̀. Leeds ni mo wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo máa ń bá àwọn ọmọ wa tó wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà pàdé, àwọn tí iléeṣẹ́ kan ló fi físà mú wọn wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù pé táwọn bá fẹnu fọhùn físà á bọ́. Fún irú wọn, 999 kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ nílò, nọ́ńbà kan wà fún àwọn tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ni lára, 08000 121 700, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì ní dédé fà ẹ́ lé ìjọba lọ́wọ́ torí o pè. Ẹ fi sí i.

Tó bá wá jẹ́ 999 ni, ẹ kọ́ àwọn èèyàn ní èyí: tó o bá pè é lórí fóònù alágbèéká tí o ò lè sọ̀rọ̀ torí ẹni tó ń lé ẹ wà nítòsí, tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kó o tẹ̀ ẹ́, wọ́n á so ẹ́ mọ́ ọlọ́pàá. 55 yẹn ò sọ ibi tó o wà fún wọn o, àwọn èèyàn máa ń rò pé ó ń sọ ọ́. O tún lè fi SMS ránṣẹ́ sí 999, àmọ́ o gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, kó o kọ "register" ránṣẹ́ sí 999 kó o sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ. Áàpù yín lè rán èèyàn létí ọjọ́ tó bá dé Heathrow kó ṣe é, ìṣẹ́jú kan ni.

Ohun tí n ò fara mọ́ ni gbígba ohùn sílẹ̀ yẹn. Ní Dùbáì, tó o bá gba ohùn ẹnì kan sílẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹjọ́ ni, wọ́n lè tì ẹ́ mọ́lé torí ẹ̀. Ẹ fẹ́ dáàbò bo èèyàn ẹ wá fi ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ sínú fóònù ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ jàre, tàbí kẹ́ ẹ pa á fún ìlú ìlú tí òfin ò gbà á.

Èkejì, ta ló lè rí ibi téèyàn wà? Ẹ ti ronú nípa ọkọ tó ń jowú? Mo mọ obìnrin kan níbí tí ọkọ ẹ̀ tó wà ní Èkó ń wo gbogbo ibi tó bá yà sí, tó bá dúró ní Tesco ju bó ṣe yẹ lọ ìpè ti dé. Ìyẹn kì í ṣe ààbò. Kí ibi téèyàn wà má ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àyàfi tí aago yẹn bá kọjá láìsí èsì tàbí tí òun fúnra ẹ̀ bá ṣí i, kó sì máa rí i lójú áàpù pé lágbájá ti wò ó ní aago báyìí. Kẹ́ ẹ sì máa pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Òfin dátà tí wọ́n ṣe nílé lọ́dún 2023 kàn yín, ti UK náà kàn yín tẹ́ ẹ bá ti ní ẹnì kan tó ń lò ó níbí.

alajapa_seme:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Dùbáì àti London, ṣé àwa tá à ń lọ Kutonu ò kì í ṣe arìnrìn-àjò ni 😂 ECOWAS ni, a ò gba físà, àmọ́ ìlú òkèèrè ni ìlú òkèèrè ń jẹ́. Tó o bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ báyìí, nẹ́tíwọ̀kì tó o gbé wá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, owó á lọ, o ò ní mọ ìgbà tó lọ. Ọlọ́pàá wọn 117 ni, panápaná 118, Togo náà bẹ́ẹ̀. Tó o bá wá pè é, Faransé ló máa gbé e. Èmi gbọ́ Gùn díẹ̀ àti Faransé ọjà, àwọn tí mo máa ń mú dání ò gbọ́ nǹkan kan. Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu kò sí wàhálà, Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, ìgboro Kutonu àti Lomé ni o. Ohun tí mo fẹ́ nínú áàpù yẹn ni gbólóhùn bíi mẹ́wàá tí ẹnì kan ti fi Faransé sọ sílẹ̀, kí n kàn tẹ̀ ẹ́ kí fóònù bá mi sọ ọ́ sókè sétí ẹni tó wà níwájú mi: "wọ́n ti jí báàgì mi", "ẹ mú mi lọ sí ọsibítù", "mo fẹ́ bá ẹ́ḿbásì Náíjíríà sọ̀rọ̀". Kó má gba dátà. Kó pariwo o, ẹ ti dé ibi tí ọ̀kadà ti pọ̀ bíi ti Kutonu rí?

Ẹ tún jẹ́ kó ṣeé tẹ̀ sórí ìwé. Bí ẹ ti ń wò mí yìí, nọ́ńbà ìyàwó mi àti ti ọ̀gá wa ní Lomé, mo kọ ọ́ sí ìwé mo rán an mọ́ inú bẹ́líìtì. Fóònù ni olè máa kọ́kọ́ gbà.

omo_alhaja:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ohùn yẹn gan-an. Ìyá mi lọ Hajj, kò mọ̀wé, tẹ́ ẹ bá kọ Yorùbá ibẹ̀ tàbí òyìnbó bákan náà ló rí lójú wọn. Àgọ́ funfun Minà yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, kò sí èyí tó yàtọ̀ síra, wọ́n jáde lọ ṣe àlùwàlá wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti jáde mọ́. Àwòrán ńlá kan àti ohùn Yorùbá tó ń sọ pé "Alhaja, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún" ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Kó jẹ́ ohùn èèyàn o, kí ẹnì kan tó mọ Yorùbá sọ jókòó kà á, ohùn ẹ̀rọ tí kì í mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́ yẹn máa ń dá kún wàhálà ni.

Èkejì, ẹ fi ibi tí èèyàn á ti ya fọ́tò ẹrù sí i. Ṣé ẹ rántí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ Kano yẹn, tó lọ Umrah ní December 2018, táwọn kan ní eápọ́ọ̀tù Kano fi orúkọ ẹ̀ lẹ́ báàgì tí kì í ṣe tiẹ̀, tramadol ló wà nínú ẹ̀, Saudi mú un, ẹ mọ ìyà tí Saudi ń fi oògùn jẹni. Ìparí April 2019 ni wọ́n tó fi í sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí àwọn tó ṣe é nílé mú tí ìjọba sì ti dá sí i. Torí náà, níwájú káńtà níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù gan-an, kí áàpù sọ pé "ẹ ya fọ́tò ẹrù yín lórí òṣùwọ̀n, ẹ ya fọ́tò bébà tí wọ́n fún yín", kí àkókò àti ọjọ́ wà lára ẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà nílé lójú ẹsẹ̀. Tí báàgì méjì lo bá gbé, tí wọ́n wá ní mẹ́ta, o ní nǹkan tó o máa fi hàn.

Kí ó sì wà níbẹ̀ ní Lárúbáwá àti Faransé pé "ẹ bá mi sọ fún ẹ́ḿbásì mi". Ẹ̀tọ́ ni, àdéhùn Vienna ti 1963 ló fún àlejò tí wọ́n bá mú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè fún un, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò ní rántí fún un.

koodu_ibadan:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi, inú ẹ̀ ò dùn torí bọ́tìnnì pupa yẹn ló gbà á lásìkò jù, àmọ́ a ti gbé e kúrò lójú ewé àkọ́kọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti di "Ta lò ń fi sílé?" Aago máa wà lórí server, SMS láìlámì, gbígba ohùn ti lọ, pípe ọlọ́pàá ti di ohun tí èèyàn máa yàn fúnra ẹ̀. Ohun tí mo ṣì ń rò ni pé irú ẹni wo ló yẹ kó jẹ́ ẹni tó wà nílé yẹn? Ìyá àti bàbá ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ yàn.

adunni_ogbomoso:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yan ìyá o! Ìyá mi, tí wọ́n bá gbọ́, igbe ni wọ́n máa ké, wọ́n á lọ sí mọ́sálásí, wọ́n á gbààwẹ̀, gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ wọn ò ní mọ ọ́fíìsì tí wọ́n máa wọ̀. Ẹni tó láyà tó lè jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba látàárọ̀ títí wọ́n á fi dá a lóhùn ni kẹ́ ẹ yàn, tó sì mọ̀wé díẹ̀. Kẹ́ ẹ yan ẹnì kejì tí kò sí nílé kan náà pẹ̀lú ẹ̀. Kí áàpù sì sọ ohun tó máa ṣe fún un ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé, ọjọ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bi ara ẹ̀ pé ibo lòun á ti bẹ̀rẹ̀.

baba_android:
Mo fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ sì dán ẹni tó wà nílé wò kí arìnrìn-àjò tó wọkọ̀. Kí server fi ìdánwò ránṣẹ́ lóru ọjọ́ kan, tí kò bá dáhùn kó tó di ìdajì wákàtí, kí áàpù sọ fún ẹni tó ń lọ pé kó wá ẹlòmíì.

oro_sunukun:
Lóru?! Wọ́n á yọ áàpù yín kó tó mọ́jú 😂

baba_android:
Ẹni tó bá yọ ọ́ torí ìdánwò kan kì í ṣe ẹni tó yẹ kéèyàn fi sílé náà nìyẹn. Koodu, ibo lẹ ti ń dán tiyín wò, lórí fóònù wo?

koodu_ibadan:
Samsung tuntun mi ni, òun nìkan la ní. Ta ló ní itel tàbí Tecno àtijọ́ tó ṣì ń tàn, tó máa yá wa fún ìgbà díẹ̀? Èyí tí bátìrì ẹ̀ ti rẹ̀ ni mo fẹ́ jù.

baba_android:
Mo ní itel kan, ojú ẹ̀ ti sán, bátìrì ẹ̀ kì í dé ọ̀sán. Ẹ kọ inbox sí mi, Challenge ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.